Ẹ Bi Ìyá Onígóòlù: Góòlù Tí Inú Rẹ̀ Ṣófo

*Ìyá Onígóòlù, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àlàyé. Ọmọ iṣẹ́ ni mí lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní Òṣogbo, ọdún kẹta mi rèé. Mo rí àwòrán ohun ọ̀ṣọ́ kan lórí fóònù mi. Góòlù onígun mẹ́rin ni, kò sí òkúta lára rẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí ọnà kankan. Orúkọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni Giampaolo Babetto, ará Ítálì. Mo fi han ọ̀gá mi, ọ̀gá ní iṣẹ́ tí wọn ò tíì parí ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ọkùnrin yìí? Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé irú nǹkan báyìí sí mùsíọ́ọ̀mù? Ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun?*
*Ọmọ iṣẹ́, Òṣogbo*

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má bá ọ̀gá rẹ jiyàn o. Ohun tó sọ yẹn gan-an ni èmi náà sọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Ìbàdàn, bàbá mi a sì máa wí pé síkéèlì ni adájọ́ góòlù. Oníbàárà á gbé ẹ̀gbà ọwọ́ wọlé, a ó gbé e lé síkéèlì, iye gíráàmù tó bá fi hàn ni ọ̀rọ̀ ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wàhálà tí alágbẹ̀dẹ ṣe lé e lórí, owó iṣẹ́ ni à ń pè é, òun náà sì ni oníbàárà kọ́kọ́ máa ń ná wálẹ̀. Ó lé lógún ọdún tí mo fi ojú síkéèlì wo ohun gbogbo tó bá ti ń dán.

Lọ́dún kan mo lọ sí Vicenza, ní ìhà àríwá Ítálì, fún ọjà góòlù ńlá tí wọ́n máa ń ná níbẹ̀ ní oṣù January àti September. Nígbà tí mo ra ọjà mi tán, mo wọ rélùwéè lọ sí Padova tó wà nítòsí, lọ kí obìnrin kan tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ó gbé ẹ̀gbà ọwọ́ kan kalẹ̀ níwájú mi, ó ní Babetto ló ṣe é. Góòlù onígun ni, ó nípọn, etí rẹ̀ mú bí etí àpótí. Ojú mi ti wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ mi tó kàn án: mo ní kò lè dín ní ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Mo ti múra ọwọ́ sílẹ̀ de ìwọ̀n yẹn. Nígbà tó gbé e lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi fò sókè. Ẹ̀gbà náà fúyẹ́! Inú rẹ̀ ṣófo pátápátá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí mo ti lè rí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, bẹ́ẹ̀ mo gbé e súnmọ́ ojú, mo yí i síwá sẹ́yìn.

Alágbẹ̀dẹ ni ìwọ náà, nítorí náà bá mi ṣírò rẹ̀ kí o lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ká ní o fẹ́ ṣe àpótí góòlù 18 kárátì, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì. Bí o bá yọ́ ọ ní odidi, yóò gba bíi 124 gíráàmù. Bí o bá fi góòlù pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju ìdá mẹ́rin nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ ṣe é, kí inú rẹ̀ sì ṣófo, bíi gíráàmù 15 péré ni. Bákan náà ni àwọn méjèèjì ṣe rí lójú. Ṣùgbọ́n lọ gbìyànjú ekejì yẹn wò! Wàá kọ́kọ́ fi fáìlì fa ojú ibi tí o fẹ́ ká, kí ó jìn bíi lẹ́tà V, kó jìn dé ibi tó kù díẹ̀ kó já. Bí o bá fà á jù, ó já. Bí kò bá jìn tó, igun rẹ̀ á rí róbótó bí igun páálí tí òjò pa. Wàá ká a, wàá fi góòlù àlùpọ̀ tó ń tètè yọ́ jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ àlùpọ̀ yẹn sì gbọ́dọ̀ bá ti góòlù rẹ mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà pupa tàbí ìlà funfun á hàn ní etí rẹ̀. Wàá fi ihò kékeré kan sílẹ̀ tí atẹ́gùn inú rẹ̀ máa gbà jáde, torí bí o bá dí i pa kí o tó gbé iná sí i, atẹ́gùn á wú nínú rẹ̀, á sì ya gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí wẹ́wẹ́ níwájú rẹ. Lẹ́yìn náà, kò sí òkúta tí o lè fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, kò sí ewé tàbí òdòdó tí o lè lẹ̀ mọ́ ibi tó bá wọ́. Góòlù tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ kì í fi nǹkan pamọ́. Ọ̀gá rẹ ní wọn ò tíì parí rẹ̀. Èmi ti ń ṣiṣẹ́ yìí látìgbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì ń sọ fún ọ pé iṣẹ́ tí wọ́n parí dé góńgó ni.

Wàyí o, ta ni Babetto? Ọmọ bíbí Padova ni, ọdún 1947 ni wọ́n bí i. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan wà ní ìlú yẹn tí wọ́n ń pè ní Pietro Selvatico. Mo lọ dúró níwájú rẹ̀ fúnra mi. Ilé tó ní òpó ńláńlá bí ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, ẹnu yà mí nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ibi ìpẹran ni wọ́n kọ́ ọ fún tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Giuseppe Jappelli ló ya àwòrán rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń dúńbú màlúù rí ni àwọn ọmọ ti wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń na góòlù. Ibẹ̀ ni Babetto ti kọ́ṣẹ́, kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Venice. Láti ọdún 1969 títí di 1983, ó padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Selvatico yìí kan náà.

Èèyàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí o mọ orúkọ rẹ̀. Mario Pinton ni, tí wọ́n bí ní 1919, tó sì kú ní 2008. Láti àwọn ọdún 1940 ló ti ń kọ́ni ní Selvatico. Òun ló kọ́kọ́ fi yé àwọn ọmọ ibẹ̀ pé góòlù lè jẹ́ ohun tí èèyàn fi ń ronú, bí ẹlòmíràn ṣe ń fi ọ̀dà tàbí amọ̀ ronú. Góòlù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni tirẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ dá ihò sí i lára, á fi òkúta pupa bíńtín kan sí i, ó tán. Francesco Pavan tẹ̀ lé e, Babetto náà tẹ̀ lé e. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ni gbogbo ayé wá ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ góòlù ti Padova. Ọmọ mi, o rí i báyìí pé ọwọ́ ọ̀gá ni iṣẹ́ náà ti ń bọ́ sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́, bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa.

Ní àwọn ọdún 1970, ìlà àti igun ni Babetto gbájú mọ́: onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, ọ̀pá róbótó. Ó ṣe ẹ̀gbà ọrùn tí gbogbo ojú rẹ̀ lè ṣẹ́ kí ó sì nà, tó jẹ́ pé bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe mira ni ìrísí rẹ̀ ń yí. Ilé ló ń wò ṣe é. Andrea Palladio, ọ̀mọ̀lé ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ti kọ́ ilé káàkiri agbègbè yẹn, bí o bá sì rí ilé rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Rotonda lẹ́bàá Vicenza, tí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, wàá mọ ibi tí ẹ̀gbà Babetto ti wá. Yàrá ló ń kọ́ fún apá àti ọrùn.

Nígbà tó yá ló bá ya ibòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara èèyàn jáde lára góòlù: ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ojú, aṣọ tó ṣẹ́ po. Inú àwòrán Pontormo ló ti rí wọn. Ọkùnrin ayàwòrán ni Pontormo, wọ́n bí i ní 1494, ó kú ní 1557, àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù sì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Felicita ní Florence: àwọn èèyàn gbé òkú Jésù, aṣọ àwọn kan pupa rẹ́súrẹ́sú, ti àwọn mìíràn sì dà bí òféfèé. Mo dúró ti àwòrán yẹn títí tí ìyàwó àbúrò mi fi ní kí n jẹ́ ká máa lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé òkú náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan dúró. Èèyàn tó ru òkú kì í dúró bẹ́ẹ̀! Ó dà bíi pé òkú ọ̀hún ò wúwo. Mo rántí ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn, bí ọwọ́ mi ṣe fò sókè, ó sì yé mi ìdí tí Babetto fi lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán yìí láàárín gbogbo àwọn tí Ítálì ní.

O béèrè bóyá èèyàn lè fi jẹun. Ó fi jẹun. Ilé àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Arquà Petrarca, ìlú kékeré orí òkè nítòsí Padova, níbi tí akéwì àgbà Petrarca kú sí ní 1374. Ó ti kọ́ni ní Amsterdam àti ní Jámánì, ó ti ṣe ife àti abọ́ fàdákà, ó sì ti ṣe ohun èlò ìsìn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2010, mùsíọ́ọ̀mù Pinakothek der Moderne ní Munich, ní Jámánì, ya odidi àfihàn kan sọ́tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi jẹ́ tíṣà. Owó oṣù tíṣà wà níbẹ̀ fún un ní gbogbo àkókò yẹn. Má fi iṣẹ́ òrùka ìgbéyàwó tó ń mú owó wọlé fún ọ̀gá rẹ ṣeré.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ń dùn mí títí dòní. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, màmá àgbàlagbà kan gbé yẹtí ìyá rẹ̀ wá fún mi, iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́, wáyà góòlù tín-ín-rín tí wọ́n wé bí ìkarahun ìgbín. Ó fẹ́ tà á. Mo wọ̀n ọ́n, gíráàmù mẹ́fà. Mo san owó gíráàmù mẹ́fà, mo sì yọ́ ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò ya fọ́tò rẹ̀, mi ò tilẹ̀ béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ti wé wáyà bẹ́ẹ̀ wò láìmọye ìgbà látìgbà yẹn, kò jọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ, tètè ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó tan iná.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ìyá Onígóòlù. Mo ń ta góòlù ní Èkó. A máa ń sọ fún oníbàárà pé góòlù Ítálì yàtọ̀ sí ti Dùbáì. Ṣé ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ẹ máa ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ni tiwa ti ń wá? Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó?*
*Ìyá Ìbejì, Èkó*

Ìyá Ìbejì, ẹ̀jìrẹ́ á dàgbà o. Rárá, kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ti ń wá. Ṣéènì àti yẹtí tí à ń rà ní kílò-kílò, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe wọ́n, ní Vicenza àti ní Arezzo jù lọ. Mo ti dúró ti ẹ̀rọ tó ń hun ṣéènì rí: wáyà ń wọlé lápá kan, ṣéènì ń jáde lápá kejì, kò sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ó dára, ó ṣeé gbára lé, ẹ máa tà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún oníbàárà pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é.

Ní ti ojúlówó, ojú ìdè ṣéènì ni kí ẹ wò, ẹ lo awò. Nọ́ńbà 750 ni 18 kárátì, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ẹgbẹ̀rún, 750 jẹ́ góòlù gidi. Nọ́ńbà 585 ni 14 kárátì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń ta èyí bíi pé 18 ni. Òfin Ítálì tún ní kí ilé iṣẹ́ tẹ àmì tirẹ̀ sí i: nọ́ńbà tí ìjọba fún un, àti lẹ́tà méjì tó dúró fún ẹkùn tó wà, VI fún Vicenza, AR fún Arezzo, PD fún Padova. UnoAErre, tó ti wà ní Arezzo láti 1926, òun ló ni nọ́ńbà 1 AR, àmì náà pàápàá ni wọ́n fi sọ ilé iṣẹ́ náà lórúkọ, torí bí àwọn ará Ítálì ṣe ń ka 1 AR nìyẹn. Bí ẹ bá rí "Italy" gàdàgbà láìsí nọ́ńbà, láìsí lẹ́tà ẹkùn, ẹ má sanwó kí ẹ tó gbé e lọ fún ẹni tó máa fi ásíìdì dán an wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àmì nìkan kò tó náà, torí àwọn kan ń tẹ ayédèrú rẹ̀.

*Ìyá, mo rí òrùka kan tí Babetto yìí ṣe, ó dúdú nínú, góòlù rẹ̀ sì yọ jáde létí. Mo tún rí òmíràn tó pupa fòò. Ọ̀dà wo ni?*
*A. R., Ìlọrin*

Èyí tó pupa àti èyí tó búlúù, àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú ni, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò. Àwọn kan a máa bínú pé ó fi ọ̀dà ba góòlù jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó ẹyọ góòlù sórí aṣọ pupa kí ẹ tún fi òmíràn sórí aṣọ funfun, ẹ ó rí i pé góòlù kì í jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ti ń rí góòlù lójoojúmọ́ kì í rí i mọ́, àwọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí a tún rí i.

Èyí tó dúdú, niello ni àwọn ará Ítálì ń pè é, ó sì ti pẹ́ láyé gan-an. Wọ́n á yọ́ fàdákà, bàbà àti òjé pọ̀, wọ́n á da imí ọjọ́ sí i, gbogbo rẹ̀ á dúdú. Bó bá tutù, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á kó o sójú ibi tí wọ́n ti gbẹ́, wọ́n á tún fi iná yọ́ ọ mọ́ ọn, wọ́n á wá fi fáìlì ha á dọ́gba. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ dán an wò, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é nínú ilé. Èéfín òjé àti ti imí ọjọ́ kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń mí símú. Bàbá mi ń yọ́ òjé láìbo imú ní gbogbo ayé rẹ̀, mo sì mọ bí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí.

*Ìyá Onígóòlù, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní iṣẹ́ góòlù lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ ọkùnrin ni, iná àti òòlù kò yẹ obìnrin. Kí ni ẹ rí sí i?*
*Ìyá Fọláṣadé, Abẹ́òkúta*

Ẹ bá mi kí bàbá Fọláṣadé dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé obìnrin ni mí, àpá iná mẹ́ta ló wà lápá òsì mi, mo sì ti fi iná yẹn rán ọmọ mẹ́rin níléèwé.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ti ẹlòmíràn, Annamaria Zanella wà. Ìgbèríko Padova ni wọ́n bí i sí ní 1966. Òun náà kọ́ṣẹ́ ní Selvatico, ó sì lọ sí Venice lọ kọ́ iṣẹ́ ère gbígbẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń dà nù ló ń mú: irin tó ti dípẹtà, àfọ́kù gíláàsì, igi, bébà. Á fi góòlù díẹ̀ kún un, á fi àwọ̀ búlúù tó jìn bí òkun kùn ún. Mo rí búróòṣì kan tó fi irin tó ti dípẹtà ṣe, góòlù ibẹ̀ kò ju ìwọ̀n èékánná lọ, n kò sì lè gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ìrora wà nínú rẹ̀, ó sì lẹ́wà. Bàbá mi ì bá ti jù ú síta.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò kéré. Giovanni Corvaja, ọmọ Padova mìíràn tí wọ́n bí ní 1971, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan irin, Selvatico lòun náà gbà kọjá kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń fa wáyà góòlù tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ó sì fi ṣe fìlà kan tó rí bí awọ àgùntàn, tó múlọ́múlọ́. Góòlù ni o!

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà parí ìwé mẹ́wàá rẹ̀. Lásìkò ìsinmi, ẹ ra bàbà pẹlẹbẹ fún un, kò wọ́n, àti fáìlì kan tó mú, kí ẹ wá ọ̀gá tó máa jẹ́ kó jókòó ti òun. Kó ṣe àpótí kékeré kan tí inú rẹ̀ ṣófo, sẹ̀ǹtímítà méjì lójú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àkọ́kọ́ á wọ́, ẹ má bínú sí i. Kó ṣe mẹ́wàá. Kí ẹ rán ẹ̀kẹwàá sí mi, kó má gbàgbé ihò tí atẹ́gùn máa gbà jáde.